Bí Ṣíípù Ràsákì Ṣe Ń Kéré

Láti ìgbà tí mo ti ìlú òyìnbó dé, n kò lè rìn ní Òkè-Sópẹ́n kí ẹnì kan má dá mi dúró. "Tíṣà, ẹ káàbọ̀ o! Báwo lọ̀hún? Yìnyín ńkọ́?" Alápatà ìsàlẹ̀ ọ̀nà wa tilẹ̀ béèrè bóyá mo bọ ọba wọn lọ́wọ́. Mo ní ọba ò sí nílé lọ́jọ́ tí mo yà. Ó gbà mí gbọ́, ó sì bù mí lẹ́ran sí i.

Gbogbo ìbéèrè yín ni mo lè dáhùn, àfi ọ̀kan. Ẹ má bi mí bóyá òjò wọn pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, ẹ fara balẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọrí ìgò.

Ọmọrí ìgò

Nígbà tí èmi àti Ràsákì wà ní yunifásítì, yàrá kan náà la jọ gbé ní Àgọ́-Ìwòyè. Ọmọ Ìwòpin ni, létí ọ̀sà, èmi ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Mùsùlùmí lòun, aládùúrà lèmi. Bí òun bá ń kírun lórí ẹní, èmi á tan àbẹ́là mi ní kọ̀rọ̀ kejì, a ò sì bára wa jà rí, àfi tí ó bá di ọ̀rọ̀ gàárì.

Káàdì Wọ́ọ̀tì là ń ta. Nítorí pé kò sówó lọ́wọ́ ẹnì kankan, ọmọrí ìgò mínírà la fi ń ta á. Òfin ilé wa ni pé ẹni tó bá ní ọmọrí kan lọ́wọ́ lè fi gba ẹ̀kúnwọ́ gàárì kan nínú àpò ẹnikẹ́ni tó bá wù ú nínú wa. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tuntun báyìí, tí àpò gàárì oníkálukú ga dé orókùn, ta ló máa ka ọmọrí ìgò sí? A máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. A máa ń fi ju adìyẹ onílé. Àmọ́ tí ìdánwò bá dé, tí a bá ń fi ọwọ́ gbá ìsàlẹ̀ àpò, àgbà ọkùnrin á gbé ọmọrí kan ṣoṣo sábẹ́ ìrọ̀rí sùn.

Ràsákì nìkan ló mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí gbogbo wa ń dà á nù, òun á máa fi ìgbálẹ̀ wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tí ìparí bá wá dé, ó di ìjòyè. Mo bínú lọ́jọ́ kan, mo ní ọ̀lẹ ni, ṣebí ọmọrí tí a ti sọ nù ló ń kó kiri. Ó ń fi omi tútù mu gàárì mi lọ́wọ́.

"Ọmọrí kan náà ni o," ó ní. "Ebi ẹ ló yí padà."

Lẹ́yìn tí a jáde, èmi gba iṣẹ́ olùkọ́, mo sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ràsákì rìnrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rù-sí, ó sì ń ta káàdì tí wọ́n ń pè ní póókà. Kò wálé mọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, á pe ìyá rẹ̀ ní Ìwòpin. Ohun kan náà ló máa ń sọ: "Màámi, ìdíje kan ló kù. Tí mo bá ti mókè níbẹ̀, mo ń bọ̀ nílé." Màámi ò mọ ìdíje kankan yàtọ̀ sí ti bọ́ọ̀lù. Nítorí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ló ṣe ń bẹ Ọlọ́run láti ọdún gbọ́ọ́rọ́.

Ọmọ mi obìnrin wá bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní kí n wá gbé ọmọ-ọmọ mi. Kí n tó palẹ̀ mọ́, Màámi ti gbọ́, ó ránṣẹ́ pè mí sí Ìwòpin. Ó ti darúgbó púpọ̀, ojú rẹ̀ kò ríran tààrà mọ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ mú bó ṣe máa ń mú.

"Tíṣà, wọ́n ní ò ń lọ síbi tí Ràsákì wà."

"Ìlú rẹ̀ jìnnà síbi tí mò ń lọ díẹ̀, Màámi."

"Jíjìnnà wo? Ṣé ó jìnnà ju Ìwòpin síbẹ̀ lọ ni?" Ó na ọwọ́ sí ẹrù kan tí Sikírá, àbúrò Ràsákì tó ń tọ́jú rẹ̀, ti dì sílẹ̀: gàárì àti ẹja yíyan. "Gbé eléyìí fún un. Kó o sọ fún un pé bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́, kó wálé. Ọmọ ọdún mélòó ló ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù? Ìwọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rèé, o ti yọ ikùn."

Sikírá rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ìborùn nu ojú. Màámi ò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú. "Mú un wá fún mi, Tíṣà. Tètè mú un wá."

Ibi tí wọ́n ti pè mí ní olólùfẹ́

Ìlú etíkun ni Ràsákì ń gbé, ní apá àríwá. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, mo tẹ ìyá kan lẹ́sẹ̀ gidi, pẹ̀lú bàtà mi tí ẹ mọ̀ yẹn. Kí n tó la ẹnu, òun ló ti bẹ̀ mí. Ó tún bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo rò ó títí, n kò rí ohun tó ṣe mí.

Ní ìdúró bọ́ọ̀sì, mo kí gbogbo ẹni tí mo bá níbẹ̀ pé ẹ kú àárọ̀, lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ọkùnrin kan fọwọ́ kan àpò ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá pọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ obìnrin tó ń ta tíì pè mí ní olólùfẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń fún mi ní ṣéńjì. Mo dúró díẹ̀ kí n lè mọ ohun tó kàn. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi náà, olólùfẹ́ rẹ̀ ni. Ìyàwó mi, bó o bá ń ka èyí, ibẹ̀ ló parí sí.

Ràsákì wá pàdé mi. Irun rẹ̀ ti funfun, ó sì ti gbẹ, àmọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kò darúgbó. Ó wo ikùn mi. "Tíṣà! Ṣé ìwọ náà ti lóyún ni?"

Ó ra ẹja díndín fún mi. Ẹja náà kò burú, àmọ́ wọ́n fi ẹ̀wà tútù kan tì í, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé, wọ́n gún un bí ẹni tó fẹ́ se mọ́ínmọ́ín tó sì gbàgbé ata, epo, iyọ̀ àti ìdí tó fi ń sè é. Nígbà tí a dé yàrá rẹ̀, mo tú ẹrù Màámi. Ó mú gàárì náà, ó gbé e sí imú, ó jókòó. Kò tilẹ̀ wá omi. Ó ń fọ́n ọn sẹ́nu bẹ́ẹ̀, gbígbẹ.

Mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Nígbà tí mo dé ibi bọ́ọ̀lù, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀.

"Kí ni mo fẹ́ gbé délé, Tíṣà?"

"Gbé ara ẹ délé."

"Ìwọ ò mọ Ìwòpin. Wọ́n á wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n á ní, ṣé ohun tó lọ fún láti ọjọ́ yìí nìyí?" Ó gbọn gàárì kúrò lọ́wọ́. "Ìdíje ńlá kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bí mo bá dé ibi tí wọ́n ti ń pín ẹ̀bùn, èmi àti ìwọ la jọ ń lọ. Mo fi Ọlọ́run búra. Lọ sọ fún un."

Mo pe Màámi, mo sọ fún un. Ó ní kí Ràsákì fi òróró pa ẹsẹ̀ kó tó di Sátidé.

Ìṣákọ́lẹ̀

Kí Sátidé tó dé, ó mú mi lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ta póókà kí n lè rí ohun tó ń fi ayé rẹ̀ ṣe. Bí a ṣe ṣílẹ̀kùn, mo ní, "Òjò ti dé o." Mo fẹ́ padà lọ mú agboòrùn. Ìró òjò lórí páànù gan-an ni, òjò tó sunwọ̀n, irú èyí tó máa ń bá wa nínú oko kòkó ní Màmú.

"Ṣíípù ni, Tíṣà," Ràsákì wí.

Mo wò. Àwọn èèyàn jókòó yí tábìlì ká, tábìlì lọ títí ojú kò tó o, oníkálukú sì ní òkìtì ike roboto níwájú. Ìka wọn kì í sinmi. Wọ́n á pín in sí méjì, wọ́n á tún dà á pọ̀, wọ́n á tún pín in. Ìró gbogbo rẹ̀ ló para pọ̀ di òjò.

Ó gba àyè fún mi nínú ìdíje kékeré kan, ó sì là mí lọ́yẹ. Òkìtì kan náà ni wọ́n ń fún gbogbo ènìyàn níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ nọ́ńbà sára rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe owó, o kò lè fi ra búrẹ́dì, o kò sì lè mú un jáde. Tí tìrẹ bá tán, o dìde. Àwọn tó bá ṣẹ́kù nígbẹ̀yìn ni wọ́n ń pín ẹ̀bùn fún. Kì í ṣe pé kí o ṣáà jókòó o. Bí káàdì bá ti ń yípo, wọ́n á gba nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ tipátipá, bóyá o ta tàbí o kò ta. Ràsákì ń pe ìyẹn ní ìṣákọ́lẹ̀, bí èyí tí àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń san nílé.

"Ìṣákọ́lẹ̀ yìí," ó ní, "ń lọ sókè ni. Wàá rí i pé òkìtì ẹ kò yẹ̀, kò sẹ́ni tó mú nínú ẹ̀. Ní àárọ̀ ó tó ẹ gbé ayé. Tó bá di ọ̀sán, òkìtì kan náà kò ní lè san ìṣákọ́lẹ̀ ìyípo kan. Ó kàn ń kéré níbi tó wà."

"Bíi ọmọrí ìgò."

"Bíi ọmọrí ìgò. Fi eléyìí kún un: ṣíípù tí o bá jẹ kò tó ṣíípù tí o bá pàdánù. Bí o bá jẹ ti ẹlòmíràn, o kàn ní púpọ̀ sí i. Bí tìrẹ bá tán, o ti kú. Nítorí náà, ní ìparí, ẹni tó ní díẹ̀ kò gbọdọ̀ jagun. Kó jókòó jẹ́ẹ́, kó máa wo ẹni tí yóò ṣáájú rẹ̀ dìde."

Mo jókòó. Ẹ má bi mí bí mo ṣe ń ta á. Ó tó àkókò kan, wọ́n dá eré dúró, ẹni tó ń pín káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ṣíípù tó kéré jù kúrò lórí tábìlì, ó ń fi ńlá rọ́pò wọn. Mo bi í pé kí ló ṣe wọ́n. Ó ní wọn kò wúlò mọ́, ìṣákọ́lẹ̀ ti ga ju wọn lọ. Mo rántí kọ́bọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rántí kọ́bọ̀. Kò sẹ́ni tó kéde ikú rẹ̀. Ọjọ́ kan la ṣáà nawọ́ rẹ̀ sí oníyọ̀, tó wò wá lójú.

Bàbá kan jókòó sápá òsì mi, tó bí mi dáadáa, ó dé fìlà aláwọ̀ eérú. Nígbà tí wọ́n kó kékeré kúrò, ohun tó kù níwájú rẹ̀ kò bo àtẹ́lẹwọ́. Iwájú tèmi kún, orí ló bá mi ṣe é. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin ará ilé: àgbàlagbà jókòó tì yín, kò ní, ẹ ní. Kí lẹ máa ṣe? Mo dìde díẹ̀, mo tẹ̀ ba, mo fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹ̀kúnwọ́ ṣíípù síwájú rẹ̀. "Ẹ gbà, bàbá."

Ẹni tó ń pín káàdì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n na ìbọn sí. Obìnrin tó ń darí ìdíje sáré dé.

"Ọ̀gá, ẹ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

"Àgbàlagbà ni," mo ní. "Tiẹ̀ ti fẹ́ tán."

"Mo rí i. Ohun tó wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, tirẹ̀ nìkan ni. Kò sẹ́ni tó lè bu tirẹ̀ fún ẹlòmíràn níbí."

Ó dá a padà fún mi. Bàbá náà tẹjú mọ́ mi. Kò pẹ́ tí tiẹ̀ fi tán, ó dìde, ó sì yí tábìlì ká wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń wá síbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnì kan máa na nǹkan sí òun. Èmi náà kò pẹ́ kí n tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí Ràsákì gbọ́, ó di ògiri mú. "Tíṣà! Sàárà! O ṣe sàárà lórí tábìlì póókà!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Mo jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè.

Ẹnì kan ló kù

Ní Sátidé, okùn ni wọ́n fi pa àwa òǹwòran mọ́ lẹ́yìn. Láti àárọ̀ ni àwọn èèyàn ti ń dìde, tí wọ́n ń gbé kóòtù wọn lọ. Lẹ́yìn tí ọ̀sán pọ́n, ó ku kí ẹnì kan ṣoṣo já, gbogbo àwọn tó bá ṣẹ́kù ti wọ ibi ẹ̀bùn. Ẹ̀yin ò tíì rí àwọn àgbààgbà tí ẹ̀rù ń bà rí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ta. Wọ́n á yọjú wo káàdì wọn, wọ́n á dà á nù. Ràsákì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, òkìtì rẹ̀ ti kéré débi pé ọwọ́ kan á bò ó. Kò lè san ju ìṣákọ́lẹ̀ ìyípo kan lọ mọ́. Kò mira.

Fóònù mi dún. Sikírá ni. Ó kí mi, àmọ́ ó sáré kí mi.

"Bùọ̀dá Tíṣà, ẹ bá mi fún un ní fóònù. Màámi ò jẹun láti àná. Ara wọn ò dá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀."

Mo sún mọ́ okùn. "Ràsákì. Màámi ni. Ara wọn ò yá. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ."

Ó yíjú padà. Mo rí i tó wo fóònù, tó wo òkìtì rẹ̀. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá fẹ́ gba fóònù gbọ́dọ̀ dìde kúrò nídìí tábìlì. Bó bá sì dìde, ìṣákọ́lẹ̀ kò ní dúró dè é.

"Sọ fún wọn kí wọ́n má gé e," ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ẹnì kan ló kù, Tíṣà. Ẹnì kan. Tíkẹ́ẹ̀tì ilé nìyẹn."

Mo sọ fún Sikírá pé ó ń bọ̀, kó gbé fóònù sétí Màámi. Mo gbọ́ èémí rẹ̀. Mo ní, "Màámi, Tíṣà ni o. Ràsákì ń bọ̀ báyìí." Mo wá na ọwọ́ sókè lórí okùn, mo na fóònù náà sí ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, bóyá yóò sọ nǹkan kan tí yóò gbọ́. Ṣíípù nìkan ló ń ró. Apá ń ro mí, mo sì ń na fóònù náà síbẹ̀.

Lójijì, ariwo sọ ní tábìlì ìkángun. Ẹnì kan ti já. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ràsákì fò dìde, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sáré wá, ó já fóònù gbà lọ́wọ́ mi.

"Màámi! Màámi, mo ti mókè! Mo ń bọ̀ nílé!"

Fóònù ti gé.

A pè, a pè. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìwòpin ni, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. A jáde síta, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó dojú kọ òkun, a tún pè. Nígbà tí Sikírá pè wá padà, kò kí mi rárá. Ìyẹn ni mo fi mọ̀.

Wọ́n máa sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ràsákì ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n dúró dè mí." Mo gbé fóònù sẹ́nu. Òun náà ló di ọwọ́ mi mú. "Rárá. Kí wọ́n má dúró." Ó mọ òfin ẹ̀sìn rẹ̀.

Mo wọlé lọ mú kóòtù rẹ̀. Àga rẹ̀ ṣófo. Wọ́n ṣì ń pín káàdì fún un, wọ́n á sì kó o padà. Tó bá kàn án, ẹni tó ń pín á na ọwọ́ síbi òkìtì rẹ̀, á mú ìṣákọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Bàbá onífìlà eérú wà lẹ́yìn okùn, ó ń wo òkìtì náà. Ó bi mí bóyá ti ọ̀rẹ́ mi ni. Mo ní tirẹ̀ ni. Ó ṣí fìlà.

Mo bi obìnrin olùdarí bóyá wọ́n lè bá mi kó èyí tó kù kúrò níbẹ̀, nítorí ẹni tó ni ín kò ní padà wá.

"Rárá, ọ̀gá," ó ní. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Àfi tó bá tán fúnra rẹ̀."

Ìwòpin

Ẹ̀bùn tó kéré jù lọ ló gbà, ó tó tíkẹ́ẹ̀tì. A jọ wálé.

Kò sẹ́ni tó wò ó láti òkè délẹ̀ ní Ìwòpin. Wọ́n ní, "Ràsákì, o kú ìrìn, o kú àjò, o kú ará fẹ́ra kù." Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí pàápàá wá jókòó tì í. Ó lọ síbi sàréè, ó ṣe àdúà, ó padà. Sikírá gbé ìkọ́kọrẹ́ ka iwájú wa, pẹ̀lú ẹja tí Màámi ti ní kí wọ́n yan sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ó gbọ́ pé ọmọ òun ń bọ̀. Ràsákì fọ ọwọ́, kò sì fi kan oúnjẹ.

"Sikírá. Kí ni wọ́n sọ?"

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí fóònù wà létí wọn."

Sikírá tún ìborùn rẹ̀ wé. "Wọ́n fetí sí i pẹ́. Inú wọn dùn. Wọ́n ní, 'Sikírá, òjò ń rọ̀ níbi tí Ràsákì wà.' Mo ní, 'Màámi, ẹ ní sùúrù, ó ń bọ̀.' Wọ́n ní, 'Òjò ńlá ni, mò ń gbọ́ ọ lórí páànù. Má dá a dúró sínú òjò. Jẹ́ kó yà síbì kan.'" Ó sún oúnjẹ mọ́ ọn. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́ o, bùọ̀dá. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n gé e."

Ràsákì wò mí. N kò lè wò ó. Oòrùn ń ràn lójú ọ̀sà, àwọn apẹja ń sá àwọ̀n.

"Ṣé òjò náà pa yín?" Sikírá béèrè.

"Ó pa mí," Ràsákì dáhùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, nígbà tí ẹ bá tún pàdé mi lọ́nà, ẹ bi mí nípa yìnyín. Ẹ bi mí nípa ọba. N ó parọ́ fún yín, ẹ ó sì gbádùn rẹ̀.